Agùfọn méjì lórí sátíìnì: kí ló dé tí aṣọ ń hunjọ, tí ìyẹ́ ò sì jọ ìyẹ́?

Ọwọ́Ọlọ́nà (ìbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa nídìí abẹ́rẹ́. Aṣọ àfikọ́ ara ògiri kan ló wà lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Suzhou nílẹ̀ Ṣáínà: agùfọn méjì tí àtàrí wọn pupa, igi páìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, oòrùn tó ń yọ lókè. Bàbá tó fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún la fẹ́ fi ta lọ́rẹ. Sátíìnì aláwọ̀ búlúù tó ṣú ni aṣọ rẹ̀, ìbú 60 cm, òòró 90 cm. Òwú kọ́tìnnì ilé-iṣẹ́ DMC ni mò ń lò, fọ́nrán mẹ́ta-mẹ́ta, nínú òrùka igi tó fẹ̀ ní 25 cm.

Ibi tí mo há sí rèé. Bí mo bá tú aṣọ kúrò nínú òrùka, gbogbo ẹ̀bá ìyẹ́ apá á hunjọ, áyọ́ọ̀nù ò sì ràn án. Ìyẹ́ tí mo gún nípọn, ó ń dán, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ló rí. Èèyàn ò lè mọ ìyẹ́ kan yàtọ̀ sí ìkejì. Dúdú tó wà nídìí ẹyẹ náà ńkọ́, ṣé gbogbo ìrù ni kí n fi dúdú kún? Ẹnì kan tún ní kí n yọ agùfọn kúrò, kí n fi ẹyẹ magpie sí i, pé ìyẹn ló ń mú ayọ̀ wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó tú nǹkan kan.

Alábẹ́rẹ́Àgbà

Férémù ló ń dà yín láàmú. Òrùka igi dára fún iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kì í ṣe ti aṣọ tó tó 90 cm. Sátíìnì ń yọ̀. Bí ẹ há a sínú òrùka láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti dẹ̀, orí aṣọ tó dẹ̀ lẹ sì ń gún abẹ́rẹ́ sí. Òwú á máa fà á jọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní rí i níwọ̀n ìgbà tí òrùka ṣì dì í mú. Ọjọ́ tí ẹ bá tú u lẹ ó rí i. Òrùka tún máa ń tẹ òwú tí ẹ ti gún mọ́lẹ̀, àmì rẹ̀ lójú sátíìnì kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹ ní kí káfíńtà ṣe férémù onígi mẹ́rin fún yín. Igi òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò gùn ju ìbú aṣọ tí ẹ gé lọ dáadáa, kí wọ́n ní ihò gbọọrọ ní ìkángun méjèèjì. Igi ẹ̀gbẹ́ méjì tó pẹlẹbẹ ni yóò gba inú ihò náà kọjá, kí wọ́n gùn tó 120 cm, kí wọ́n sì lu ihò kéékèèké sí wọn lára ní 2 cm síra wọn, èyí tí ìṣó tàbí ègé igi yóò máa wọ̀ láti há férémù mọ́ ibi tí ẹ bá fà á dé. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò ní Suzhou. Àwọn kì í lo òrùka fún iṣẹ́ tó bá tóbi.

Ẹ gé sátíìnì kó fi 10 cm ju ohun tí ẹ fẹ́ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ ní ìbú aṣọ kí ẹ lè mọ ibi tó tọ́ gan-an, ẹ tọ ojú ìlà yẹn gé e. Bí aṣọ bá fi díẹ̀ wọ́ lórí férémù, bí ẹ ṣe wù kí ẹ fà á tó, yóò padà wọ́ nígbà tí ẹ bá tú u. Ẹ rán aṣọ kọ́tìnnì tó lágbára mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wá kan kọ́tìnnì yẹn mọ́ igi. Ní ti ẹ̀gbẹ́, ẹ rán téèpù kọ́tìnnì mọ́ ọn, ẹ fi okùn tín-ín-rín wé e mọ́ igi ẹ̀gbẹ́ ní 3 cm síra. Ẹ ti igi òkè àti ti ìsàlẹ̀ jìnnà síra, ẹ há a, ẹ wá fa okùn ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fi ìka ta á, kó dún bí awọ ìlù. Ẹ máa ta á wò lójoojúmọ́ kí ẹ tó jókòó tì í, torí òjò àti ọ̀rinrin máa ń dẹ̀ ẹ́.

Sátíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń rán aṣọ òde nílò aṣọ ìtìlẹ́yìn. Kọ́tìnnì funfun tó fúyẹ́ ni kó jẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ kó tó débẹ̀, torí kọ́tìnnì tí a kò fọ̀ yóò súnkì lọ́jọ́ iwájú, yóò sì fa sátíìnì jọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Kọ́tìnnì náà ni ẹ ó kọ́kọ́ nà sórí férémù, níwọ̀nba. Ẹ tẹ́ sátíìnì lé e, òòró bá òòró, ìbú bá ìbú, ẹ fi abẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀ láti àárín, kí ẹ tó wá fa méjèèjì le pọ̀. Ẹ má ṣe fi gum stay sí i. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń mú abẹ́rẹ́ wúwo, ó sì ń ṣí kúrò tó bá pẹ́, ibi tó bá ti ṣí á wú bọ̀kùbọ̀kù.

Lẹ́yìn tí aṣọ bá ti le lórí férémù lẹ ó tó ya àwòrán sí i. Ẹni tó bá yà á ṣáájú, ẹsẹ̀ agùfọn rẹ̀ á tẹ̀ nígbà tó bá fa aṣọ. Ẹ ya ẹyẹ náà sórí bébà, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ìlà rẹ̀ ní 2 mm síra, ẹ fi òwú dídì tó ní ẹfun tó kúnná lára kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù àti ọ̀dà funfun so àmì rẹ̀ pọ̀. Péènì tí ooru áyọ́ọ̀nù ń pa rẹ́ kò dára lórí aṣọ tó ṣú, ó máa ń fi ìlà ràńdànràndan sílẹ̀.

Èyí tó ti hunjọ tẹ́lẹ̀, bí kò bá ju apá kan lọ, ẹ tú u. Rírán tuntun yá ju títún un ṣe lọ.

ẸyẹOko

Ọ̀rọ̀ ìrù nìkan ni tèmi. Ìrù agùfọn yẹn funfun ni. Dúdú tí ẹ ń rí nídìí rẹ̀ jẹ́ ìyẹ́ apá, àwọn ìyẹ́ gígùn tó sún mọ́ ara, tó máa ń ṣubú bo ìrù nígbà tí ẹyẹ bá dúró tó sì ká apá. Bó bá ń fò ńkọ́? Dúdú yẹn á ṣí lọ sí etí ẹ̀yìn apá, lápá ibi ara, ìrù á sì hàn ní funfun. Àwọn ìyẹ́ gígùn ṣóńṣó apá náà, funfun ni. Ọ̀pọ̀ àwòrán tó ń káàkiri ló gbé agùfọn tó ń fò tí wọ́n fi dúdú kun ìrù rẹ̀. Ẹni tó mọ ẹyẹ á kàn rẹ́rìn-ín ni.

Tó bá ń fò, ọrùn rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sẹ́yìn. Lékèélékèé ló ń ká ọrùn. Dúdú ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ akọ dúdú kirikiri. Ti abo rọ̀, ó sún mọ́ eérú. Nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ kí méjì yín jẹ́ tọkọtaya, ọ̀nà tó rọrùn rèé láti fi hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Suzhou fúnra wọn máa ń ṣe méjèèjì ní dúdú.

Ẹ gbé e kalẹ̀ sórí òkúta tàbí ilẹ̀ lẹ́bàá igi páìnì, kò burú. Wọ́n máa ń yà á sórí ẹ̀ka, ṣùgbọ́n agùfọn ti Ṣáínà yẹn kì í bà sórí igi. Ọmọ ìka ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré jù láti fi di ẹ̀ka mú. Agùfọn ológbe ti ilẹ̀ Áfíríkà ló ń sùn lórí igi.

OlówùúSílíìkì

Ó ku òwú àti ìyẹ́, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Fọ́nrán mẹ́ta ti pọ̀ jù. Òwú DMC jẹ́ fọ́nrán mẹ́fà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò fún ara ẹyẹ, méjì fún èèpo igi. Bí agbára bá ká a, òwú sílíìkì tí wọn kò lọ́ púpọ̀ ni kí ẹ rà fún ẹyẹ, kí ẹ fi kọ́tìnnì sílẹ̀ fún igi àti òkúta. Ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ Suzhou yàtọ̀ ni yíya òwú. Wọ́n ń ka òwú sílíìkì kan sí fọ́nrán mẹ́rìndínlógún, ọlọ́wọ́ ọ̀nà sì lè lo ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ fún irun tó fẹ́lẹ́ jù. Fún agùfọn yín, ẹ lo ìdajì fún ìyẹ́ dúdú, ìdá mẹ́rin fún ìyẹ́ funfun, ìdá mẹ́jọ fún àyà àti ọrùn níbi tó ti rọ̀.

Ẹ gé òwú ní 45 cm, kó má gùn jù bẹ́ẹ̀, torí wíwọlé-jáde nínú aṣọ ló ń mú kó họ. Ẹ fi ìka lọ́ ọ padà sẹ́yìn kó tú, ẹ ki èékánná sáàárín rẹ̀, ẹ fà á ya pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ tó le kò lè mú sílíìkì: ẹ fi ṣúgà àti òróró díẹ̀ bọ́ ọwọ́, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi fáìlì ra èékánná. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 12 fún fọ́nrán tó fẹ́lẹ́, 10 fún ìyókù.

Ní ti ìyẹ́ tó rí pẹlẹbẹ, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ló fà á. Ìyẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ gún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ẹ máa bọ̀ sí èjìká, kí ẹ parí sí ọrùn àti orí. Bẹ́ẹ̀ ni ti òkè á fi gorí ti ìsàlẹ̀, bó ṣe rí lára ẹyẹ gan-an. Ẹni tó bá ti orí wá sí ìdí, etí ìyẹ́ rẹ̀ á kọjú sódì, kò sì sí àwọ̀ tó lè tún un ṣe.

Ìyẹ́ apá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gún un. Ẹ fi ìlà aṣọ lásán sílẹ̀ láàárín ìyẹ́ kan sí ìkejì, kó fẹ̀ ní bí ìdajì mílímítà. Shuǐlù ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é. Lórí sátíìnì tó ṣú bíi tiyín, ìlà yẹn nìkan tó láti ya ìyẹ́ sọ́tọ̀. Ẹ má tún fi òwú dúdú yí i ká. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kó dọ́gba. Bí ó bá fẹ̀ níhìn-ín tó fún lọ́hùn-ún, ojú ò ní rí nǹkan mìíràn mọ́. Láàárín ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ pa ìlà igi ìyẹ́ mọ́, kí sítíìṣì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dagun láti ibẹ̀ lọ sí ṣóńṣó. Ìdagun yẹn ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ. Sílíìkì ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ìhà tí ẹ bá tẹ́ ẹ sí, òwú funfun kan náà á mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún ìyẹ́, á sì ṣú lápá òsì, láìjẹ́ pé ẹ pààrọ̀ òwú. Ìdí tí tiyín fi dà bíi pátákó nìyẹn: gbogbo sítíìṣì kọjú síbì kan.

Kí sítíìṣì kan má gùn ju 8 mm lọ. Èyí tó bá gùn jù, ohunkóhun tó bá kàn án á fà á yọ.

Àyà àti ọrùn kò gba ìyẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú sítíìṣì ká níbẹ̀, èyí gùn, èyí kúrú, kí àlàfo wà láàárín wọn. Ẹ tún gba àlàfo náà kọjá lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá fi fọ́nrán tó fẹ́lẹ́ jù parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ìparí sítíìṣì bá tò sójú kan, ìlà á yọ gàgàrà lọ́rùn ẹyẹ. Kí ìparí wọn máa yàtọ̀, kí ìlà kejì sì wọnú ti àkọ́kọ́ tó bí ìdá mẹ́ta.

Tó bá jẹ́ DMC lẹ ṣì fẹ́ lò, nọ́ńbà àwọ̀ òwú wọn rèé: 3865 fún funfun ara, 762 àti 415 fún òjìji abẹ́ apá, B5200 níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á nìkan. Ẹni tó bá fi B5200 kún gbogbo ara, ẹyẹ rẹ̀ á funfun ju ẹyẹ lọ lábẹ́ iná mànàmáná. Dúdú: 310, kí ẹ máa fi 939 tó jẹ́ búlúù ṣíṣú gba àárín rẹ̀. Àgógó: 3011 àti 3012, torí àgógó rẹ̀ ní àwọ̀ ewé nínú, kì í ṣe pupa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ṣú.

Àtàrí pupa yẹn kì í ṣe ìyẹ́. Awọ lásán ni, ó sì ṣe wúruwùru. Kókó ló yẹ ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní dǎzǐ: ẹ yọ abẹ́rẹ́ sókè, ẹ wé òwú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà gún un sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti jáde, ẹ fa òwú títí kókó á fi jókòó kí ẹ tó fa abẹ́rẹ́ kọjá. 321 ní iwájú, 815 nísàlẹ̀. Kókó náà kò gbọdọ̀ tóbi. Fọ́nrán kan tó.

Ojú ni kí ẹ gún kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú, dúdú láàárín, funfun kín-ń-kín kan lókè. Funfun yẹn kò gbọdọ̀ wà ní àárín ojú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹyẹ á dà bí afọ́jú.

Ará_Guangzhou

Ẹ fi agùfọn yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀bùn àgbàlagbà ni, wọ́n gbà pé ó ń gbé ẹgbẹ̀rún ọdún, páìnì tí kì í wọ́wé nígbà òtútù sì jẹ́ èkejì rẹ̀. Magpie wà fún ìgbéyàwó àti ilé tuntun. Méjì rẹ̀ ni ayọ̀ méjì, wọ́n sì sábà máa ń gbé e sórí ẹ̀ka igi plum tó tanná. Fún ọgọ́rin ọdún, agùfọn ló bá a mu.

Nǹkan kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí àgbàlagbà bá kú, ará Ṣáínà a máa ní ó ti gun agùfọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Nítorí náà, agùfọn kan ṣoṣo tó ń fò lọ sínú ojú ọ̀run tó ń pọ́n kò yẹ fún ọjọ́ ìbí. Ẹ jẹ́ kí tiyín dúró lórí ilẹ̀ tàbí kó máa bọ̀ wálẹ̀, kí ọ̀kan gbójú sókè sí oòrùn. Lára àwọn àmì ipò tí ìjòyè ìjọba ń lẹ̀ máyà láyé àwọn ọba Qing tó jẹ kẹ́yìn ní Ṣáínà, ẹyẹ á dúró lórí òkúta, á kọjú sí oòrùn. Agùfọn ni ti ìjòyè ìjọba onípò kìíní, ọ̀kín ni ti ipò kẹta, lékèélékèé ni ti ẹ̀kẹfà. Àwọn ológun ní ẹranko tiwọn. Bàbá yín bá ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rí, ìyìn méjì ló ń gbọ́ yẹn.

Àwọn yòókù ní ṣókí: pẹ́pẹ́yẹ mandarin méjì, akọ àti abo, fún tọkọtaya, ẹ má ṣe ẹyọ kan láéláé; lékèélékèé pẹ̀lú òdòdó lotus fún ẹni tó ń ṣe ìdánwò; fènghuáng, ẹyẹ inú ìtàn àròsọ Ṣáínà, pẹ̀lú òdòdó peony fún obìnrin ọlọ́lá. Òwìwí, ẹ má dán an wò, bí a ṣe ń sá fún un nílé náà ni wọ́n ń sá fún un lọ́hùn-ún. Iye mẹ́rin pẹ̀lú, ẹ yẹra fún un.

Ọmọ_Àdìrẹ

Ẹ má bínú pé mo ya bọ̀ ọ́. Èmi ò lè gún un, rírà ni mo fẹ́ rà. Báwo la ṣe ń mọ ti ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ?

OlówùúSílíìkì

Ẹ yí i sẹ́yìn. Ẹ̀rọ máa ń lo òwú méjì, ti ìsàlẹ̀ sì sábà jẹ́ funfun tàbí dúdú kan náà káàkiri ẹ̀yìn aṣọ, àwọ̀ iwájú ìbáà yàtọ̀. Ti ọwọ́, àwọ̀ tó wà níwájú ló wà lẹ́yìn, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òwú á sì hàn. Bí wọ́n bá ti lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn, ẹ wo ìyẹ́ tó jọra lára ẹyẹ méjì: bí sítíìṣì wọn bá bára mu kínníkínní, ẹ̀rọ ni. Tó bá jẹ́ ojúlówó sílíìkì ni wọ́n ní ó jẹ́, ẹ bèèrè fún òwú tó ṣẹ́kù nídìí iṣẹ́, ẹ finá sí i. Sílíìkì á rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á fọ́ lọ́wọ́. Polyester á yọ́, á di kókó líle. Rayon á jó bíi bébà.

Ọwọ́Ọlọ́nà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi sátíìnì náà sílẹ̀, máa ra òmíràn. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé mo lè fọ̀ ọ́ tó bá parí, báwo ni mo sì ṣe máa gbé e kọ́?

Alábẹ́rẹ́Àgbà

Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ bo ọwọ́ àti apá iṣẹ́ tí ẹ ò sí lórí rẹ̀, kó má dọ̀tí rárá. Ewu tó wà nínú omi ni òwú pupa: bó bá yọ àwọ̀ sára funfun, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kí ẹ tó gún àtàrí yẹn, pàápàá tí òwú kò bá ní orúkọ, ẹ gé bí 20 cm, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un sáàárín tíṣù funfun méjì títí yóò fi gbẹ. Bó bá ta àwọ̀ sí tíṣù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, kí ojú iṣẹ́ dojú bolẹ̀ lórí táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn, áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀, kò gbọdọ̀ sí omi, láti ẹ̀yìn.

Fún kíkọ́, ẹ fi kọ́tìnnì tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè nìkan ni kí ẹ rán láìnìn náà mọ́ dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ dì í mọ́ ọn wọ́ọ́wọ́ọ́, kí ìsàlẹ̀ wà lómìnira, torí sátíìnì àti kọ́tìnnì kì í nà bákan náà lójú ọ̀rinrin. Bí ẹ bá di ìsàlẹ̀ pa, iṣẹ́ á máa tẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá yí. Ẹ rán àpò tó fẹ̀ ní 5 cm sí ẹ̀yìn òkè fún ọ̀pá igi tó nípọn ní 2 cm. Ẹ kun ọ̀pá náà tàbí kí ẹ wé e, kí oje igi má bá aṣọ. Ẹ lè ki ọ̀pá tó fúyẹ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú, nínú àpò tí ẹ rán mọ́ láìnìn, kì í ṣe mọ́ sátíìnì.

Tó bá jẹ́ inú gíláàsì ni wọ́n fẹ́ ẹ, kí àlàfo tó 1 cm wà láàárín gíláàsì àti òwú. Gíláàsì tó bá kan sílíìkì, ọ̀rinrin á há sáàárín wọn, ibẹ̀ á sì bu. Ògiri inú ilé ni kí wọ́n kọ́ ọ sí, kì í ṣe èyí tí òjò ń nà lẹ́yìn, kì í ṣe iwájú wíńdò. Oòrùn á pa pupa kó tó kan dúdú. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ìdáná náà, kó jìnnà sí wọn.

Kó tó di ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ má ká a ní ìkápọ̀ bí ẹ ṣe ń ká aṣọ. Ẹ wá páìpù tó fẹ̀ ní 8 cm ó kéré tán, ẹ fi bébà funfun wé e, ẹ yí iṣẹ́ náà mọ́ ọn kí ojú rẹ̀ wà níta, ẹ tún fi bébà bò ó. Bí ojú bá wà nínú, àwọn kókó àtàrí yẹn á tẹ̀, ìyẹ́ á sì wọ́ pọ̀. Káfúrà lè wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n kó má fara kan òwú.